Ẹni tí Wọ́n Rán Wá Wádìí Fúnkẹ́

Olúfúnkẹ́ Títíloyè kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà rán ènìyàn wá wádìí rẹ̀ ní Bìní, ìyá ọkùnrin tí ó fẹ́ fi ṣe ọkọ rò pé wọ́n fẹ́ gba ìyàwó mọ́ ọmọ òun lọ́wọ́ ni.

Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó mú un le nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ìkà ni ẹnì kan ṣe, Fúnkẹ́ ì bá mọ ibi tí yóò darí ìbínú rẹ̀ sí.

Ọdún 1984 ló bẹ̀rẹ̀. Fúnkẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan ní òpópónà Akpakpava, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Uselu. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bàbá rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ló tọ́ ọ dàgbà. Ní báǹkì yẹn, Fúnkẹ́ ti ṣàkíyèsí ohun kan. Bí ìpàdé bá wà, tí àwọn ọ̀gá tó gba M.B.A. dé láti òkè òkun bá la ẹnu, gbogbo ilé á dákẹ́. Bí òun bá la ẹnu, wọn á ní kó lọ pe ẹni tó máa gbé tíì wá. Kò fẹ́ aṣọ àwọn ọ̀gá náà, kò fẹ́ ọkọ̀ wọn. Ó kàn fẹ́ kí òun náà sọ̀rọ̀ kí ilé dákẹ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó mú lọ́kàn kì í gba ẹni tó bá ṣáà ti wá. Láti gbogbo ayé ni wọ́n ti ń kọ̀wé síbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n sì ń mú. Ìdánwò kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege, ìṣirò ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìṣirò inú ìwé ti kúrò lórí Fúnkẹ́ láti ìgbà tó ti kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Ìyáàfin Èṣùbíyì, olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá ní New Benin, ló sọ pé òun mọ ẹni tó lè kọ́ ọ.

"Tíṣà ni, ní Uselu níbẹ̀. Olúfẹ́mi Jayéọlá. Kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀, àmọ́ orí rẹ̀ pé."

"Àǹtí, ṣé kò ní máa yọ mí lẹ́nu?"

"Yọ ọ́ lẹ́nu kẹ̀? Ìwọ gan-an lo máa bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ọ́ lẹ́nu."

Kíláàsì tó ṣófo ni wọ́n máa ń lò ní ọjọ́ Sátidé. Fẹ́mi máa ń nu pátákó mọ́ tónítóní kí Fúnkẹ́ tó dé, bí ẹni pé ọ̀gá àwọn tíṣà ló ń bọ̀.

"Báǹkì lẹ ti ń ṣiṣẹ́," ni Fẹ́mi wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "ẹ wá ní ẹ ò mọ ìṣirò. Ṣé owó wa ṣì wà níbẹ̀?"

"Owó yín wà níbẹ̀. Owó yín kì í bi mí pé bí ènìyàn mẹ́ta bá fi ọjọ́ mẹ́fà gbẹ́ kànga, ọjọ́ mélòó ni ènìyàn méjì máa fi gbẹ́ ẹ."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ṣàìsàn ńkọ́?"

Fẹ́mi gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin tí wọ́n ní kì í rẹ́rìn-ín.

Aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú àwọn eléré ìje ló máa ń gbé dání. Bí àkókò bá pé, á pariwo pé, "Gbé bírò sílẹ̀!" Bí Fúnkẹ́ bá kùnà, kì í ní kó má bínú, kì í ní ó ti gbìyànjú. Á ní, "O kùnà. Tún un ṣe." Fúnkẹ́ fẹ́ràn ìyẹn. Gbogbo ọkùnrin tó ti ń wá a tẹ́lẹ̀ ló máa ń pè é ní oòrùn, ní òdòdó, ní oyin, tí kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ní báǹkì.

Ní Sátidé kan, òjò mú wọn mọ́ kíláàsì. Fẹ́mi dúró lójú fèrèsé.

"Àwọn ìbéèrè tó o bá kùnà," ni ó wí, "mo máa ń gbé wọn lọ sílé. Mo máa ń rò wọ́n títí. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mi ò mọ̀ bóyá ìbéèrè náà ni mò ń rò mọ́."

"Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Sọ ohun tó o fẹ́ sọ."

"Mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Ó yé mi báyìí," ni Fúnkẹ́ dáhùn. Ó tẹ orí mọ́ ìwé rẹ̀ kí Fẹ́mi má baà rí ojú rẹ̀. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí èyí."

Ó ṣe ìdánwò náà ní Èkó ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó yege, kì í sì í ṣe yíyege ti ẹni tí orí kó yọ. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ránṣẹ́ sí i pé ó kù díẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn tó ti jáde níbẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, máa wá béèrè nípa rẹ̀ níbi tó ń gbé, láti mọ irú ẹni tó jẹ́. Bí tọ̀hún bá ti sọ ohun rere, àyè rẹ̀ ti wà. Báǹkì ní àwọn máa ṣe ìrànlọ́wọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́.

Bàbá rẹ̀ ni kò gbà.

"Obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, kó dá lọ Lọ́ńdọ̀nù? Kó lọ bá ta?"

"Bàbá, ìwé ni mò ń lọ kà."

"Mo gbọ́. Àwọn tó lọ kàwé tí wọn ò padà mọ́, ṣé ẹran ni wọ́n lọ jẹ? Tíṣà tó ń kọ́ ọ yẹn, ṣé kò lárá ilé ni? Jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá mọ̀ wá. Bí a bá ti mọ ẹni tó ni ọ́, o lè lọ títí dé ibi tí ayé parí sí."

Fúnkẹ́ fẹ́ sọ pé òun ló ni ara òun. Kò sọ ọ́. Ó fẹ́ Fẹ́mi, ó fẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, ó sì dà bíi pé bàbá rẹ̀ fi ọ̀kan ṣí ilẹ̀kùn èkejì.

Ìṣòro tó kù ni ìyá Fẹ́mi. Ará Ọ̀wọ̀ ni, opó, tó ti ń ta abọ́ tánganran àti kẹ́tù ní New Benin kí ogun abẹ́lé tó dé. Fẹ́mi nìkan ni ọmọ tó kù ú kù. Ìyáàfin Èṣùbíyì, tí kò pẹ́ tó fi di alárinà láàárín ilé méjèèjì, pe àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì jókòó.

"Ẹ má tíì dárúkọ òkè òkun létí ìyá yìí o. Bó bá gbọ́ pé ìyàwó ń lọ, kò ní bá wa dé ilé Títíloyè láéláé. Á ní ọmọ òun máa tẹ̀ lé e, wọ́n á sì gbàgbé òun síbí. Ẹ jẹ́ ká ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ná. Lẹ́yìn ìyẹn, a óò máa sọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀."

"Mi ò fẹ́ràn kí n máa tan ìyá mi," ni Fẹ́mi wí.

"Ta ló ní kó o tàn án? Mo ní kó o pa ẹnu mọ́."

Fúnkẹ́ rò pé ó yẹ kí àwọn sọ ọ́. Ó rò ó, kò wí nǹkan kan, torí ó ti ń bẹ̀rù kí obìnrin náà má kọ òun.

Nígbà tí Fẹ́mi mú un lọ sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ké sí Comfort, ọmọ Bìní tó ń ta ìṣáná àti ọṣẹ nítòsí rẹ̀.

"Comfort, come see my wife. See hand! Like broomstick."

"Mama, she go fat," ni Comfort dáhùn. "Your son go feed am chalk."

"Ṣé o lè gbé èyí?" Ìyá nawọ́ sí ìdì abọ́ kan.

Fúnkẹ́ ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé e, ó gbé e dé ẹ̀yìn ìsọ̀, ó padà wá gbé èkejì láìjẹ́ pé wọ́n ní kó gbé e. Ìyá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fà á jókòó tì í, ó fi ìpẹ̀kun ìró rẹ̀ nu òógùn iwájú orí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti nu ojú Fúnkẹ́ nù. Kí wọ́n tó lọ, ìyá yọ abọ́ ńlá kan láti abẹ́ tábìlì, funfun, tí wọ́n ya òdòdó pupa sí etí rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe títà. Mo ti fi pamọ́ tipẹ́. Òun ni màá fi wẹ ọmọ yín. Mú un lọ, kí olè má baà jí i gbé fún mi níbí."

Fúnkẹ́ gbé abọ́ náà lé ẹsẹ̀ nínú takisí títí dé Uselu. Ó ń dùn mọ́ ọn, ó sì ń bà á lẹ́rù. Obìnrin tó ti ń múra àtiwẹ ọmọ, báwo ni wọ́n ṣe máa sọ fún un pé ìyá ọmọ ń rìnrìn àjò?

Ní oṣù Fẹ́búárì 1986, báǹkì rán Fúnkẹ́ lọ sí Auchi láti rọ́pò ẹnì kan tó ń ṣàìsàn. Nígbà tó padà dé Bìní, máníjà pè é wọlé. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ rán wá ti dé. Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì, láti Wárri. Kò lè dúró dè ọ́. Mo sọ ohun rere nípa rẹ títí ó fi sú u. Ó ní òun tún fẹ́ bá ara ilé rẹ kan sọ̀rọ̀. Mo ní ìyá ọkọ rẹ ń tajà ní New Benin, pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n."

Fúnkẹ́ mọ̀ pé ìyá Fẹ́mi kò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa Lọ́ńdọ̀nù. Kò lè jókòó mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ sí ìsọ̀.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé... ṣé àlejò kankan wá bá yín lọ́sẹ̀ yìí?"

Ìyá Fẹ́mi ń nu kẹ́tù. Ó gbójú sókè, ó wò ó lọ́nà kan tí kò wò ó rí.

"Àlejò wo?"

"Àlejò ṣáá ni, mà."

"Àlejò mi, abọ́ ni wọ́n ń rà. Ṣé àlejò kan wà tó ò ń retí ni?"

"Rárá o, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ìyá tẹ kẹ́tù náà mọ́lẹ̀. "Sọ fún bàbá rẹ pé Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni à ń bọ̀ wá mọ̀ yín. A ò ní fi falẹ̀ mọ́."

Ọkàn Fúnkẹ́ balẹ̀. Ó rò pé tọ̀hún kò dé ìsọ̀ ni. Kò rò ó dé ibi pé ìyá Fẹ́mi lè máa rò pé olólùfẹ́ mìíràn ni òun ń béèrè.

Èsì dé láti Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Máàṣì. Wọn kò gbà á. Wọn kò sọ ìdí, wọ́n kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fẹ́mi gbọ́ ọ nínú kíláàsì tí wọ́n ti máa ń pàdé. Ó jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀.

"Èmi ni mi ò kọ́ ọ dáadáa."

"Ìdánwò kọ́ ni mo kùnà. Mo yege ìdánwò."

"Kí ló wá dé?"

"Èmi ni. Wọ́n béèrè irú ẹni tí mo jẹ́, wọ́n sì rí i pé mi ò tó."

Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Ó gbé e lọ sí ibi iṣẹ́, ó gbé e bọ̀ wálé. Nígbà tí ọ̀gá kan tún ní kó lọ pe ẹni tó máa gbé tíì wá, ó dìde, ó lọ. Fẹ́mi ní kí àwọn sún ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ síwájú. Fúnkẹ́ ní rárá. Ó ní ó kéré tán, ẹnì kan ṣì ń fẹ́ òun wọ ilé rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Àjíǹde, àwọn Jayéọlá wá sí Uselu. Àwọn bí mélòó kan wá láti Ọ̀wọ̀, Bàbá Àkànní, àbúrò bàbá Fẹ́mi, sì ni agbẹnusọ wọn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n tọrọ. Wọ́n pe Fúnkẹ́ jáde, ó kúnlẹ̀ sáàárín pálọ̀. Wọ́n gbàdúrà sí i lórí. Kí wọ́n tó ní kó dìde, ìyá Fẹ́mi, tí inú rẹ̀ dùn bíi kó fò, ní òun ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ.

"Ẹ̀yin àna wa, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gba ọmọ yín yìí mọ́ wa lọ́wọ́ o!"

"Ẹ̀ẹ́n! Ta ni?" ni Bàbá Àkànní wí.

"Ọkùnrin kan ni. Kóòtù, táì, Píjò funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ẹ mọ bí àwọn ará Èkó ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn." Ilé rẹ́rìn-ín. "Ó ní ṣé mo mọ Mísì Títíloyè. Irú ẹni wo ni? Ṣé ó máa ń forí ti nǹkan? Ṣé nǹkan kan wà tó so ó mọ́ Bìní? Mo ní, hẹ̀n-ẹ́n! Ta ló rán ọ? Ó ní òun ò lè sọ, pé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà ni, pé ó di ìgbà tó bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo ní ó ti yé mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ìyàwó."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní kó padà lọ sọ fún àwọn tó rán an pé ìyàwó ilé wa ni, kò sí ibi tó ń lọ. Ó ṣì dúró, ó ń wò mí. Ni mo bá ní kó lọ o, oyún ọmọ mi ti wà nínú rẹ̀!"

Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Comfort, tó wọ aṣọ tuntun, tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, na ìka sókè. "Na true! The man face just fall. E write am for paper sef."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bàbá Fúnkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ oyún. Ìyáàfin Èṣùbíyì dá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dúró, ó ń wo ilẹ̀. Fẹ́mi gbé ife sílẹ̀.

Fúnkẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọn kò tíì ní kó dìde. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n pọ̀ bí ìgbà tí Fẹ́mi bá ń kọ́ ọ ní ìṣirò: Fẹ́búárì, Wárri, ìsọ̀, ìbéèrè tí òun bi ìyá náà, ojú tó fi wo òun. Gbogbo rẹ̀ bára mu: Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì ni.

"Ìyàwó wa," ni Bàbá Àkànní wí, "o gbọ́ bí ìyá ọkọ rẹ ṣe jà fún ọ?"

"Mo gbọ́, sà."

"Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Fúnkẹ́ wí.

Nígbà tí àlejò ti lọ, Fẹ́mi bá a lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi.

"Ìyá mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé wọn ò mọ̀. Àwa la ò sọ fún wọn."

"Bínú sí mi, Fúnkẹ́. Jọ̀ọ́."

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Kò wá."

Fẹ́mi sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Àárọ̀ ni, kò tíì ṣí ìsọ̀. Obìnrin náà kò sunkún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Ilé-ẹ̀kọ́ wo ló ń wádìí ọmọ bí ẹni wádìí ìyàwó?"

Ó yí ọ̀rọ̀ náà padà, ó tún un yí. Ó ní bí wọ́n bá ti sọ fún òun, òun ì bá pọ́n ọmọ náà lé dé ojú ọ̀run, òun ì bá ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Bìní. Ó ní òun mọ̀ ọ́n sọ. Fẹ́mi ní òun mọ̀. Lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ ní kí Fẹ́mi àti Fúnkẹ́ mú òun lọ bá ọkùnrin náà ní Wárri.

Ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó dá ìyá náà mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kó tó lè kí i, ìyá ti kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ, ọkùnrin náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju Fẹ́mi lọ.

"Màmá! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe báyìí."

"Mi ò ní dìde. Irọ́ ni mo pa. Kò lóyún. Kò sí ohun tó so ó mọ́ Bìní. Sọ fún àwọn òyìnbó náà pé ìyá arúgbó kan tí kò kàwé ló parọ́ mọ́ ọn."

"Màmá, mo máa sọ fún wọn. Lónìí yìí ni màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè náà." Ó wo Fúnkẹ́ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ojú tì í. "Mi ò lérò láti dí yín lọ́nà. Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ. Ẹ tún kọ̀wé lọ́dún tó ń bọ̀."

Ibi tí Fúnkẹ́ dúró sí, àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá náà ló ń rí. Ó ti sán, erùpẹ̀ New Benin ṣì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìbínú tó ti ń kó jọ láti Uselu dé ibẹ̀ kò ríbi lọ. Bí àgbà bá ti kúnlẹ̀ fún ọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, o ò gbọ́dọ̀ tún un mú wá. Fúnkẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sì tíì múra sílẹ̀ kó parí. Ó lọ gbé ìyá náà dìde ní apá, torí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe.

Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún yẹn, ìjọba dá ọjà owó òkèèrè sílẹ̀, náírà sì wó. Ìrànlọ́wọ́ tí báǹkì ṣèlérí kò yí padà, iye kan náà ni, ṣùgbọ́n kò lè ra nǹkan kan mọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Fúnkẹ́ tún kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà bó ṣe yẹ. Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ní ọdún 1987, wọ́n fún un láyè.

Ó fi lẹ́tà náà han Fẹ́mi nínú kíláàsì. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó.

"O gbà á," ni Fẹ́mi wí.

"Mo gbà á."

"Ẹ jẹ́ ká ta ilẹ̀ bàbá mi tó wà ní Ọ̀wọ̀."

"A lè ta gbogbo Ọ̀wọ̀, kò ní tó."

Fẹ́mi fi ọwọ́ bo ojú. Fúnkẹ́ gbá a mọ́ra, ó ń wo pátákó tí ó ti nù mọ́ dè é. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ìyẹn dá a lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ̀ bi í bóyá ó ṣì fẹ́ kí ìgbéyàwó náà wáyé, ó pẹ́ kó tó dáhùn, nítorí kò mọ̀ bóyá Fẹ́mi ló ń fẹ́ ni, tàbí pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún obìnrin tó ti kúnlẹ̀ fún òun.

"Mo ṣì fẹ́, Bàbá."

Wọ́n ṣe é ní Dìsẹ́ńbà. Ìyá Fẹ́mi jó, ó ná owó, ó ṣe gbogbo ohun tí ìyá ọkọ ń ṣe. Kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan. Láti Wárri ni kò ti bá Fúnkẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Bí Fúnkẹ́ bá yà sí ìsọ̀, ìyá á nu àga fún un bí àlejò. Bí Fúnkẹ́ bá fẹ́ gbé ìdì abọ́, á ní, "Fi sílẹ̀, Comfort máa gbé e."

"Ìyá, kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó fi ìsọ̀ náà sílẹ̀ fún Comfort, ó ní òun ń padà sí Ọ̀wọ̀, pé Bìní ti sú òun. Fẹ́mi bẹ̀ ẹ́, Ìyáàfin Èṣùbíyì bẹ̀ ẹ́. Fúnkẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó lé e.

"Bí mo bá ti rí ojú ọmọ yẹn," ni ó sọ fún Fẹ́mi níkọ̀kọ̀, "kápẹ́ẹ̀tì ni mò ń rí."

Fúnkẹ́ bí ọmọbìnrin ní ọdún 1989. Wọ́n pè é ní Morọ́láyọ̀. Ìyá fi orúkọ ránṣẹ́, ó fi aṣọ ránṣẹ́, kò wá. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Nítorí náà ni Fúnkẹ́ ṣe gbé abọ́ olódòdó pupa náà, ó pọn ọmọ, òun àti Fẹ́mi sì wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀.

Ìyá ti gbé omi kaná kí wọ́n tó dé. Kànrìnkàn tuntun, ọṣẹ, àdí, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Fúnkẹ́ gbé abọ́ náà síwájú rẹ̀.

"Abọ́ yín rèé, Ìyá. A ò tíì lò ó. Ẹ̀yin là ń dúró dè."

Ìyá jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, bí wọ́n ṣe máa ń nà án fún ọmọ wíwẹ̀. Fúnkẹ́ gbé ọmọ sún mọ́ ọn. Ìyá na ọwọ́, ìka rẹ̀ kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó fa ọwọ́ padà.

"Ìwọ wẹ̀ ẹ́."

"Ìyá, mo ní kí ẹ wẹ̀ ẹ́."

"Mo gbọ́. Ohun tìrẹ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, mo bà á jẹ́. Mi ò ní fọwọ́ kan èyí."

"Mi ò bínú mọ́, mà. Ọlọ́run gbọ́."

"Mo mọ̀ pé o ò bínú. Wẹ̀ ẹ́, kí omi má tutù."

Fúnkẹ́ wá ọ̀rọ̀ tó lè sọ. Ó mọ èyí tí àwọn ènìyàn ń sọ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, ó ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyáàfin Èṣùbíyì. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó tó. Fẹ́mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè jáde.

Ó wẹ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ìyá ló ń bu omi fún un, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ wo bó ṣe gbóná tó, ó ń na ọṣẹ sí i, ó ń na àdí sí i.

Ìyá Fẹ́mi kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Morọ́láyọ̀ nìkan ni ọmọ-ọmọ tó rí láyé. Ó gbé omi rẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀kan, kò wẹ̀ ẹ́ rí.